Láti Ilé-Ẹ̀kọ́ Osteopathy dé Iṣẹ́ Ìtọ́jú Ọpọlọ: Ohun Tí Akẹ́kọ̀ọ́ àti Òbí Gbọ́dọ̀ Mọ̀

ÀBÚJÁ — Àwọn ènìyàn tí ó wà ní orílẹ̀-èdè Nàìjíríà ti ju 200 mílíọ̀nù lọ, ṣùgbọ́n àwọn oníṣègùn tí wọ́n kọ́ṣẹ́ ìtọ́jú àrùn ọpọlọ dé ojú àmì láàárín wọn kò ju ọgọ́rùn-ún mélòó kan lọ. Nítorí náà, ohun ayọ̀ ni ó yẹ kí ó jẹ́ nígbà tí ọmọ kan bá sọ pé iṣẹ́ yìí ni òun yàn láàyò. Ṣùgbọ́n nínú ọ̀pọ̀ ilé, ìbẹ̀rù ni irú ìròyìn bẹ́ẹ̀ máa ń mú wá, pàápàá bí ọmọ náà bá ń kẹ́kọ̀ọ́ ní ilé-ẹ̀kọ́ osteopathy ní Amẹ́ríkà, tí àwọn òbí rẹ̀ kò sì mọ ohun tí orúkọ náà dúró fún.

Àpẹẹrẹ kan tí ó lè wáyé nínú ilé èyíkéyìí nìyí. Bàbá kan jókòó ní ilé rẹ̀ ní Kubwa, ní Àbújá, ni ọmọ rẹ̀ obìnrin bá pè é lórí fóònù láti Amẹ́ríkà.

"Ẹ káalẹ́, Bàbá mi. Mo ti yan ẹ̀ka tí mo fẹ́ ṣe. Ìtọ́jú ọpọlọ ni."

Bàbá dákẹ́ díẹ̀ kí ó tó fèsì. "Ọmọ mi, ṣé dókítà wèrè ni o fẹ́ dà? Ṣebí àwọn tí ń to eegun ni wọ́n ń pè ní osteopathy? Bí o bá sì padà wálé, ṣé wọn yóò gbà pé dókítà ni ọ́?"

Ìbéèrè mẹ́ta ni ó wà nínú ọ̀rọ̀ bàbá yìí, kò sì sí ọ̀kan tí ó jẹ́ ìbéèrè òmùgọ̀ nínú wọn. Èkíní ni bóyá dókítà ni ẹni tí ó jáde ní ilé-ẹ̀kọ́ osteopathy. Èkejì ni bóyá irú dókítà bẹ́ẹ̀ lè di oníṣègùn ọpọlọ. Ẹ̀kẹta ni bóyá ìwé ẹ̀rí rẹ̀ yóò wúlò ní Nàìjíríà. Bí a bá dáhùn wọn létòlétò, ọ̀nà tí ó ṣókùnkùn yóò mọ́lẹ̀, ẹni tí yóò sì rìn ín yóò mọ ibi tí ẹsẹ̀ ti lè kọ.

Kí ni osteopathy?

Ní ọdún 1864, àrùn yírùnyírùn pa mẹ́ta nínú àwọn ọmọ oníṣègùn ará Amẹ́ríkà kan tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Andrew Taylor Still. Gbogbo ọgbọ́n tí ìṣègùn ìgbà náà ní kò lè gba àwọn ọmọ náà sílẹ̀. Ọ̀fọ̀ yìí mú kí Still bẹ̀rẹ̀ sí í yẹ iṣẹ́ ara rẹ̀ wò, nítorí pé púpọ̀ nínú àwọn oògùn tí wọ́n ń lò nígbà náà ni ó máa ń pa aláìsàn lára ju bí ó ti ń wò ó sàn lọ.

Ní 1874, ó kéde ìlànà tuntun tí ó pè ní osteopathy. Ó gbà pé ara ènìyàn ní agbára láti wo ara rẹ̀ sàn, pé eegun, iṣan àti ẹ̀jẹ̀ ń ṣiṣẹ́ pọ̀ bí ọmọ ìyá, àti pé oníṣègùn lè fi ọwọ́ rẹ̀ ran ara lọ́wọ́. Ní 1892, ó dá ilé-ẹ̀kọ́ àkọ́kọ́ irú rẹ̀ sílẹ̀ ní Kirksville, ní ìpínlẹ̀ Missouri. Àwọn obìnrin wà lára àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tí wọ́n kọ́kọ́ wọlé síbẹ̀, ní ìgbà tí ọ̀pọ̀ ilé-ẹ̀kọ́ ìṣègùn ṣì ń ti ìlẹ̀kùn mọ́ obìnrin.

Ìlànà náà kò dúró sí ojú kan. Bí ìmọ̀ ìṣègùn ṣe ń gbòòrò sí i, àwọn ilé-ẹ̀kọ́ osteopathy ní Amẹ́ríkà fi ẹ̀kọ́ oògùn, iṣẹ́ abẹ, kòkòrò àrùn àti gbogbo ohun tí oníṣègùn gbọ́dọ̀ mọ̀ kún ẹ̀kọ́ wọn. Lọ́kọ̀ọ̀kan ni àwọn ìpínlẹ̀ ń fún àwọn tí ó jáde níbẹ̀ ní àṣẹ kíkún láti ṣe iṣẹ́ dókítà. Ìpínlẹ̀ Mississippi ni ó ṣe bẹ́ẹ̀ kẹ́yìn, ní 1973.

Lónìí, oyè méjì ni ó ń sọ ènìyàn di dókítà ní Amẹ́ríkà. Èkíní ni MD, tí ọ̀pọ̀ ènìyàn mọ̀. Èkejì ni DO, èyí tí ilé-ẹ̀kọ́ osteopathy ń fúnni. Àṣẹ kan náà ni àwọn méjèèjì ní: wọ́n lè kọ oògùn, wọ́n lè ṣe iṣẹ́ abẹ, wọ́n sì lè kọ́ṣẹ́ ní ẹ̀ka ìṣègùn èyíkéyìí. Bí a bá kó akẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn mẹ́rin jọ ní Amẹ́ríkà, nǹkan bí ẹyọ kan nínú wọn ni ó wà ní ilé-ẹ̀kọ́ osteopathy. Ohun tí ó fi ìyàtọ̀ sí ẹ̀kọ́ wọn ni pé akẹ́kọ̀ọ́ DO máa ń lo nǹkan bí 200 wákàtí sí i láti kọ́ bí a ṣe ń fi ọwọ́ ṣe àyẹ̀wò àti ìtọ́jú eegun, oríkèé àti iṣan.

Orúkọ kan, ìtumọ̀ méjì

Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ ìdílé ti ń ṣìnà. Ọ̀rọ̀ kan náà kò ní ìtumọ̀ kan náà ní ilẹ̀ gbogbo. Ní Gẹ̀ẹ́sì, ẹni tí wọ́n ń pè ní osteopath kì í ṣe dókítà. Òfin tí ìjọba ibẹ̀ ṣe ní 1993 ni ó gbé àbójútó iṣẹ́ wọn lé ìgbìmọ̀ tiwọn lọ́wọ́, ìgbìmọ̀ náà sì yàtọ̀ sí èyí tí ó ń ṣe àkóso àwọn dókítà. Wọ́n ń fi ọwọ́ tọ́jú ẹ̀yìn ríro, ọrùn ríro àti àwọn ìnira mìíràn nínú eegun àti iṣan, iṣẹ́ náà sì níyì láàyè tirẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó gba oyè yìí ní Lọ́ńdọ̀nù kò lè fi í bẹ̀rẹ̀ ìkọ́ṣẹ́ ìtọ́jú ọpọlọ. Àfi kí ó padà lọ kẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn láti ìbẹ̀rẹ̀.

Nítorí náà, kí òbí tó dá ọmọ lẹ́bi tàbí kí ó tó san owó ilé-ẹ̀kọ́, ìbéèrè àkọ́kọ́ tí ó yẹ kí ó béèrè ni pé: orílẹ̀-èdè wo ni ilé-ẹ̀kọ́ náà wà, oyè wo gan-an ni yóò sì fúnni? Bí ó bá jẹ́ oyè DO láti ilé-ẹ̀kọ́ tí ó ní ìfọwọ́sí ní Amẹ́ríkà, dókítà ni ọmọ náà yóò jẹ́ níbẹ̀. Bí ó bá jẹ́ oyè osteopathy láti ibòmíràn, ọ̀rọ̀ lè yàtọ̀ pátápátá.

Ǹjẹ́ dókítà osteopathy lè di oníṣègùn ọpọlọ?

Bẹ́ẹ̀ ni. Kódà, kì í ṣe òní ni wọ́n bẹ̀rẹ̀. Ní 1914, àwọn ọmọlẹ́yìn Still ṣí ilé ìwòsàn kan fún àwọn alárùn ọpọlọ ní ìlú Macon, ní Missouri. Ilé ìwòsàn náà kò sí mọ́, púpọ̀ nínú ohun tí wọ́n sì gbàgbọ́ nígbà náà nípa ohun tí ń fa àrùn ọpọlọ ni ìmọ̀ òde òní ti kọjá. Ṣùgbọ́n ó fi hàn pé láti ìgbà pípẹ́ ni ẹgbẹ́ yìí ti ń wo ọpọlọ mọ́ ara. Ọ̀kan lára àwọn ìlànà tí wọ́n fi ń kọ́ akẹ́kọ̀ọ́ wọn títí di òní ni pé ara, ọkàn àti ẹ̀mí ènìyàn jẹ́ ọ̀kan ṣoṣo.

Ní ti ìrìn àjò akẹ́kọ̀ọ́ fúnra rẹ̀, bí ó ṣe máa ń lọ nìyí. Ó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gba oyè yunifásítì kí ó tó wọ ilé-ẹ̀kọ́ ìṣègùn ní Amẹ́ríkà. Ọdún mẹ́rin ni yóò lò níbẹ̀. Ọdún méjì àkọ́kọ́ sábà máa ń jẹ́ ti ìwé kíkà, ọdún méjì tí ó kù sì jẹ́ ti ilé ìwòsàn, níbi tí yóò ti máa lọ láti ẹ̀ka kan sí èkejì. Ẹ̀ka ìtọ́jú ọpọlọ wà lára àwọn tí yóò dé. Ibẹ̀ ni púpọ̀ nínú wọn ti máa ń mọ̀ bóyá iṣẹ́ náà bá wọn lára mu.

Lẹ́yìn èyí ni ìkọ́ṣẹ́ àkànṣe, tí àwọn dókítà ń pè ní residency. Títí di ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, ètò méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni ó wà: ti àwọn MD àti ti àwọn DO. Ní 2014, àwọn aláṣẹ ìhà méjèèjì fẹnu kò láti da ètò náà pọ̀ di ọ̀kan, iṣẹ́ náà sì parí ní oṣù kẹfà ọdún 2020. Láti ìgbà náà, àjọ kan náà ni ó ń fọwọ́ sí gbogbo ilé ìwòsàn tí ń kọ́ni níṣẹ́, akẹ́kọ̀ọ́ méjèèjì sì ń bára wọn du àyè kan náà.

Bí wọ́n ṣe ń pín àyè ìkọ́ṣẹ́

Ètò tí wọ́n fi ń pín àyè náà jọ iṣẹ́ alárenà. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún tí akẹ́kọ̀ọ́ fi wà ní ìpele ìkẹyìn, yóò kọ ìwé sí àwọn ilé ìwòsàn tí ó wù ú. Láti nǹkan bí oṣù kẹwàá títí di oṣù kìn-ín-ní, àwọn tí wọ́n fẹ́ràn rẹ̀ yóò pè é fún ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò. Lẹ́yìn èyí, akẹ́kọ̀ọ́ yóò to orúkọ àwọn ilé ìwòsàn náà bí ó ṣe fẹ́ràn wọn sí, àwọn ilé ìwòsàn pẹ̀lú yóò to orúkọ àwọn akẹ́kọ̀ọ́. Kọ̀ǹpútà ni yóò wá so wọ́n pọ̀. Ọjọ́ Ẹtì kẹta nínú oṣù kẹta ni akẹ́kọ̀ọ́ máa ń mọ ibi tí yóò ti kọ́ṣẹ́, iṣẹ́ yóò sì bẹ̀rẹ̀ ní oṣù keje.

Ní ọdún 2024, nínú 100 akẹ́kọ̀ọ́ osteopathy ìpele ìkẹyìn tí ó kópa nínú ètò yìí, ó lé ní 92 tí ó rí àyè. Ti àwọn akẹ́kọ̀ọ́ MD lé ní 93. Àlàfo tí ó wà láàárín wọn kò pọ̀. Ṣùgbọ́n iye yìí jẹ́ ti gbogbo ẹ̀ka ìṣègùn lápapọ̀. Kì í ṣe ìlérí fún ẹnikẹ́ni pé yóò rí ẹ̀ka ìtọ́jú ọpọlọ gba. Ẹ̀ka yìí, tí ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ kò náání nígbà kan rí, ti di èyí tí wọ́n ń rọ́ lọ sí, ìdíje ibẹ̀ sì ti le sí i.

Ọdún mẹ́rin ni ìkọ́ṣẹ́ ìtọ́jú ọpọlọ ní Amẹ́ríkà. Kò sí pé kí dókítà sá fún ìmọ̀ ara nítorí pé ọpọlọ ni ó fẹ́ tọ́jú. Ìlànà béèrè pé kí ó lo ó kéré tán oṣù mẹ́rin nínú ìtọ́jú àìsàn gbogbogbòò, àti oṣù méjì nínú ìtọ́jú àìsàn iṣan ara àti ọpọlọ. Ẹni tí ó bá fẹ́ tọ́jú àwọn ọmọdé, àwọn arúgbó tàbí àwọn tí oògùn olóró ti sọ di ẹrú yóò tún fi ọdún kan tàbí méjì kún un.

Ibi tí ẹsẹ̀ ti lè kọ

Ọ̀nà náà ṣí sílẹ̀, ṣùgbọ́n kì í ṣe pé kò ní gegele. Ọ̀rọ̀ ìdánwò ni àkọ́kọ́. Ìdánwò tí akẹ́kọ̀ọ́ osteopathy gbọ́dọ̀ ṣe kí ó tó gba àṣẹ iṣẹ́ ni COMLEX-USA, tí ó ní ìpele mẹ́ta. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ MD ń ṣe USMLE ní tiwọn. Òfin kò fi dandan lé e pé kí akẹ́kọ̀ọ́ DO ṣe ìdánwò kejì yìí, ṣùgbọ́n àwọn ilé ìwòsàn kan wà tí wọ́n ṣì ń béèrè fún un. Láti 2022, ìpele àkọ́kọ́ àwọn ìdánwò méjèèjì kò ní máàkì mọ́. Yálà ènìyàn yege tàbí kò yege. Èyí mú kí máàkì ìpele kejì wúwo sí i. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó gbọ́n yóò ka ohun tí ilé ìwòsàn kọ̀ọ̀kan béèrè láti ìpele kejì tàbí ìkẹta, kì í ṣe ní ọ̀sẹ̀ tí ó fẹ́ kọ ìwé.

Èkejì ni pé ọ̀pọ̀ ilé-ẹ̀kọ́ osteopathy kò ní ilé ìwòsàn tiwọn. Àwọn ilé ìwòsàn tí ó wà káàkiri ni wọ́n máa ń rán akẹ́kọ̀ọ́ lọ. Ó lè ṣẹlẹ̀ pé akẹ́kọ̀ọ́ kò ní rí oníṣègùn ọpọlọ àgbà tí yóò mọ̀ ọ́n dáadáa tó láti kọ ìwé ìjẹ́rìí fún un. Ẹni tí ó bá mọ ohun tí ó ń wá gbọ́dọ̀ tètè béèrè fún àyè ní ẹ̀ka ìtọ́jú ọpọlọ. Ó sì dára kí ó lo oṣù kan, ní ọdún ìkẹyìn, ní ilé ìwòsàn tí ó wù ú láti kọ́ṣẹ́, kí wọ́n lè rí i bí ó ṣe ń bá aláìsàn sọ̀rọ̀.

Ẹ̀kẹta ni ọ̀rọ̀ tí akẹ́kọ̀ọ́ yóò sọ nípa ara rẹ̀. Wọn yóò bi í pé kí ló dé tí ó fi yan ìtọ́jú ọpọlọ. Bí ó bá kàn ń ké pé ara, ọkàn àti ẹ̀mí jẹ́ ọ̀kan, ohun tí gbogbo ẹgbẹ́ rẹ̀ ń sọ ni. Àpẹẹrẹ láti inú iṣẹ́ ni ó lè gbà á. Ó sì gbọ́dọ̀ mọ ààlà: ìtọ́jú tí a fi ọwọ́ ṣe kì í ṣe oògùn ìsínwín, kò sì yẹ kí dókítà fọwọ́ kan ẹni tí ẹ̀rù ń bà tàbí ẹni tí wọ́n ti fìyà jẹ rí, láìjẹ́ pé ó gba ìyọ̀ǹda rẹ̀.

Ẹ̀kẹrin ni ti àjèjì. Nítorí pé inú Amẹ́ríkà ni ilé-ẹ̀kọ́ rẹ̀ wà, ọmọ Nàìjíríà tí ó gba oyè DO kò nílò ìwé ẹ̀rí tí wọ́n ń béèrè lọ́wọ́ àwọn dókítà tí wọ́n kẹ́kọ̀ọ́ ní ilẹ̀ òkèèrè. Ṣùgbọ́n ìyẹn kò yanjú ọ̀rọ̀ físà. Òfin ìwọlé Amẹ́ríkà máa ń yí padà, kì í sì í ṣe gbogbo ilé ìwòsàn ni ó máa ń gba ẹni tí kò ní ìwé ìgbélùú. Kí akẹ́kọ̀ọ́ béèrè kí ó tó kọ ìwé.

Bí ó bá fẹ́ padà sílé: ẹnu ọ̀nà Àbújá

Ìbéèrè ẹ̀kẹta bàbá náà ni ó kàn. Ẹnikẹ́ni tí ó bá kẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn ní òkèèrè, tí ó sì fẹ́ ṣiṣẹ́ ní Nàìjíríà, gbọ́dọ̀ gba ọ̀dọ̀ Ìgbìmọ̀ Tí Ń Ṣe Àkóso Iṣẹ́ Ìṣègùn àti Ìtọ́jú Eyín kọjá, èyí tí àwọn dókítà mọ̀ sí MDCN. Àbújá ni olú ilé-iṣẹ́ rẹ̀ wà. Ìgbìmọ̀ yìí ni yóò yẹ ilé-ẹ̀kọ́ àti ìwé ẹ̀rí wò. Òun náà ni ó ń ṣe ìdánwò fún àwọn tí wọ́n kẹ́kọ̀ọ́ ní òkèèrè kí wọ́n tó forúkọ sílẹ̀.

Ìdí pàtàkì kan wà tí akẹ́kọ̀ọ́ osteopathy fi gbọ́dọ̀ tètè bá ìgbìmọ̀ náà sọ̀rọ̀. Kì í ṣe ìṣègùn òyìnbó àti ìtọ́jú eyín nìkan ni òfin fi sí abẹ́ rẹ̀. Àwọn ìṣègùn àfidípò pẹ̀lú wà níbẹ̀. Níwọ̀n bí orúkọ náà ti ní ìtumọ̀ méjì láyé, ìwé tí kò ṣàlàyé dáadáa lè mú kí ẹni tí ń kà á rò pé ohun tí akẹ́kọ̀ọ́ Amẹ́ríkà kọ́ kò yàtọ̀ sí ohun tí osteopath ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kọ́. Kí akẹ́kọ̀ọ́ kọ lẹ́tà sí ìgbìmọ̀ náà kí ó tó wọ ilé-ẹ̀kọ́. Kí ó dárúkọ ilé-ẹ̀kọ́ àti oyè náà, kí ó sì béèrè bóyá wọ́n tẹ́wọ́ gbà á. Ìdáhùn tí a kọ sílẹ̀ ni kí ó gbà, kì í ṣe èyí tí a fi ẹnu sọ. Kí ó tọ́jú ìwé náà títí ọjọ́ tí yóò padà. Àgbà tí ó bá kọ́kọ́ wo ojú ọ̀run kì í bínú sí òjò.

Ẹni tí ó bá yege yóò ṣe ọdún kan gẹ́gẹ́ bí dókítà tuntun lábẹ́ àwọn àgbà, èyí tí wọ́n ń pè ní housemanship, bí kò bá tíì ṣe irú rẹ̀. Bí kò bá tíì pé ọmọ 30 ọdún nígbà tí ó jáde ilé-ẹ̀kọ́, yóò sin ilẹ̀ baba rẹ̀ fún ọdún kan. Lẹ́yìn èyí ni ó lè bẹ̀rẹ̀ ìkọ́ṣẹ́ ìtọ́jú ọpọlọ nílé, bí kò bá ti parí rẹ̀ ní òkèèrè.

Àjọ méjì ni ó ń ṣètò ìkọ́ṣẹ́ yìí. Èkíní ni Kọ́lẹ́ẹ̀jì Ìṣègùn Àgbà ti Orílẹ̀-èdè, tí ìjọba dá sílẹ̀ ní 1979. Èkejì ni Kọ́lẹ́ẹ̀jì Àwọn Oníṣègùn ti Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, tí ó ti wà láti 1976. Dókítà yóò kọ́kọ́ yege nínú ìdánwò ìwọlé, lẹ́yìn náà ni yóò wá àyè ní ilé ìwòsàn tí àjọ náà fọwọ́ sí. Yóò ṣiṣẹ́ gẹ́gẹ́ bí registrar títí yóò fi yege nínú ìdánwò apá kìn-ín-ní. Nígbà náà ni yóò di registrar àgbà, tí yóò ṣe ìwádìí, tí yóò kọ ìwé lé e lórí, tí yóò sì dúró níwájú àwọn olùdánwò fún apá ìkẹyìn. Ẹni tí ó bá yege níbẹ̀ ni ó lè di consultant. Ìrìn yìí sábà máa ń gbà ju ọdún mẹ́rin lọ.

Àwọn ibi tí ìtọ́jú ọpọlọ ti múlẹ̀ ní Nàìjíríà pọ̀: Aro ní Abẹ́òkúta, Yábà ní Èkó, Kàdúná, Maiduguri, Benin, Enugu àti Calabar. Ní Àbújá gan-an, ilé ìwòsàn ìkọ́ṣẹ́ tí ó wà ní Gwagwalada ní ẹ̀ka ìtọ́jú ọpọlọ, àwọn ènìyàn agbègbè náà sì mọ ilé ìwòsàn ìjọba tí ó wà ní Karu fún irú ìtọ́jú yìí.

"Dókítà wèrè" kọ́

Ọ̀rọ̀ kan ṣẹ́ kù tí bàbá náà sọ, tí kò fi ṣe ìbéèrè. Ó pe iṣẹ́ náà ní "dókítà wèrè." Ọ̀rọ̀ yìí ni ó ń dí ọ̀pọ̀ ọmọ lọ́wọ́ ju ìdánwò èyíkéyìí lọ.

Ìtàn ilẹ̀ Yorùbá fúnra rẹ̀ ta ko ọ̀rọ̀ náà. Ọmọ Abẹ́òkúta ni Thomas Adeoye Lambo, tí wọ́n bí ní 1923. Ó kẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn ní Birmingham, ó sì kọ́ṣẹ́ ìtọ́jú ọpọlọ ní Lọ́ńdọ̀nù. Nígbà tí ó di ọ̀gá ní Aro ní 1954, kò kó gbogbo aláìsàn sínú ọgbà tí a tì pa. Ó fi ọ̀pọ̀ nínú wọn wọ̀ sí àwọn abúlé tí ó yí ilé ìwòsàn ká. Ìbátan kan ní ó kéré tán gbọ́dọ̀ bá aláìsàn wá. Ní àárọ̀, aláìsàn a gba ìtọ́jú ní ilé ìwòsàn; lẹ́yìn náà, a padà sí abúlé, a ṣiṣẹ́ oko, a sì wà láàárín ènìyàn. Lambo tún bá àwọn babaláwo àti àwọn oníṣègùn ìbílẹ̀ jíròrò, nítorí ó mọ̀ pé ọ̀dọ̀ wọn ni ọ̀pọ̀ aláìsàn ti ń wá. Ní 1961, Abẹ́òkúta ni àwọn oníṣègùn ọpọlọ láti káàkiri Áfíríkà ti ṣe ìpàdé wọn àkọ́kọ́. Lẹ́yìn náà, láti 1973 títí di 1988, Lambo jẹ́ igbákejì ọ̀gá àgbà Àjọ Ìlera Àgbáyé. Ó kú ní 2004.

Lambo kò kọ́ osteopathy, ṣùgbọ́n ohun tí ó ṣe ní Aro bá ohun tí wọ́n ń kọ́ akẹ́kọ̀ọ́ DO mu: kí a má ṣe yọ àìsàn kúrò lára ènìyàn, kí a má sì ṣe yọ ènìyàn kúrò láàárín àwọn ará rẹ̀. Ó wúlò gan-an láàárín wa, nítorí pé ara ni aláìsàn wa sábà máa ń kọ́kọ́ sọ. Ẹni tí ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn bá mú lè sọ pé orí òun ń gbóná, tàbí pé nǹkan ń rìn òun lára. Ní 1960, oníṣègùn ọpọlọ ará Kánádà kan, Raymond Prince, ṣàpèjúwe àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Nàìjíríà tí orí ń fọ́, tí ojú wọn ń ṣú, tí ìwé kò sì wọ̀ wọ́n lórí mọ́. Dókítà tí ó mọ ara yẹ̀ wò, tí ó sì mọ ọkàn gbọ́, kò ní fi irú aláìsàn bẹ́ẹ̀ sílẹ̀ pẹ̀lú oògùn ibà lásán.

Àwọn tí ó nílò irú dókítà bẹ́ẹ̀ kò kéré. Ìwádìí tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Oye Gureje ti Yunifásítì Ìbàdàn àti àwọn akẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ̀ jáde ní 2006 fi hàn pé nínú 100 àgbàlagbà tí wọ́n bá sọ̀rọ̀ ní Nàìjíríà, nǹkan bí 12 ni ó ti ní àìsàn ọpọlọ kan tàbí òmíràn rí ní ayé wọn. Nínú àwọn tí àìsàn náà mú láàárín ọdún kan sí àkókò ìwádìí, àwọn tí ó rí ìtọ́jú gbà kò tó ọ̀kan nínú mẹ́wàá. Púpọ̀ nínú àwọn wọ̀nyí kì í ṣe ẹni tí ń rìn káàkiri ọjà. Wọ́n jẹ́ ìyá ọmọ tuntun, ọ̀gá ilé-iṣẹ́, akẹ́kọ̀ọ́, awakọ̀ àti àgbà ìjọ.

Òfin pẹ̀lú ti yí padà. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, òfin wèrè tí ìjọba amúnisìn ṣe ní 1916, tí wọ́n tún yẹ̀ wò ní 1958, ni Nàìjíríà ń lò. Ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2023, Ààrẹ Muhammadu Buhari bu ọwọ́ lu Òfin Ìlera Ọpọlọ ti 2021. Òfin tuntun yìí fún aláìsàn ní ẹ̀tọ́, ó sì fi ìlànà lélẹ̀ lórí bí a ṣe lè gba ènìyàn sí ilé ìwòsàn nígbà tí òun fúnra rẹ̀ kò fẹ́. Ṣùgbọ́n òfin kò lè kọ oògùn, kò sì lè jókòó ti aláìsàn. Ènìyàn ni yóò ṣe é.

Ohun tí ó kù láti ṣe

Fún akẹ́kọ̀ọ́ tí ó ń ronú ọ̀nà yìí, àwọn ohun wọ̀nyí ni kí ó fi sọ́kàn:

1. Kí ó rí i dájú pé oyè DO ti Amẹ́ríkà ni ilé-ẹ̀kọ́ náà ń fúnni, àti pé ilé-ẹ̀kọ́ náà ní ìfọwọ́sí.
2. Kí ó kọ lẹ́tà sí MDCN ní Àbújá kí ó tó san owó, bí ó bá ní i lọ́kàn láti padà wálé lọ́jọ́ kan.
3. Kí ó tètè mọ ìdánwò tí àwọn ilé ìwòsàn tí ó wù ú ń béèrè.
4. Kí ó wá oníṣègùn ọpọlọ àgbà tí yóò tọ́ ọ sọ́nà, kí ó sì bá a ṣiṣẹ́ tó láti jẹ́ kí ẹni náà lè jẹ́rìí rẹ̀.
5. Kí ó wádìí ọ̀rọ̀ físà lọ́dọ̀ ilé ìwòsàn kọ̀ọ̀kan.
6. Kí ó jókòó pẹ̀lú àwọn òbí rẹ̀, kí ó sì ṣàlàyé iṣẹ́ náà fún wọn ní èdè tí wọ́n gbọ́.

Fún òbí, ohun kan ṣoṣo ni. Kí ó béèrè ìbéèrè rẹ̀ láìfi ọ̀rọ̀ gún ọmọ lára. Bàbá tí ó wà ní Kubwa kò ṣẹ̀ nítorí pé ó béèrè bóyá dókítà gidi ni ọmọ òun yóò jẹ́. Ẹni tí ó bá béèrè ọ̀nà kì í ṣìnà. Bí ó bá ti rí ìdáhùn rẹ̀ gbà, tí ó sì rí i pé ilé-ẹ̀kọ́ náà dára, tí ìwé láti Àbújá sì wà lọ́wọ́, ohun tí ó kù ni kí ó gbàdúrà fún ọmọ náà. Ó ṣeé ṣe kí ó jẹ́ pé ọmọ ẹlòmíràn, ní ìlú kan tí bàbá náà kò dé rí, ni iṣẹ́ ọmọ rẹ̀ yóò gbà lọ́wọ́ ikú.